Ríra Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ Àtijọ́ Tí A Ti Tún Ṣe Bọ̀ Sípò

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣooṣù

  

Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, nígbà tí a ti parí iṣẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀kan nínú àwọn Ìjòyè wa pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n sọ fún mi pé àwọn ọmọ ilé àwọn ń dá owó jọ láti ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Rolls-Royce àtijọ́ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú èyí tí à ń pè ní Silver Cloud, tí a ti tún ṣe láti òkè dé ilẹ̀, kí wọ́n lè máa gùn ún ní ọjọ́ ọdún àti ní ọjọ́ ẹ̀yẹ. Ẹni tí ó fẹ́ tà á ti fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́, ọkọ̀ náà sì ń kọ mọ̀nà. Bàbá wí fún mi pé, “Ìwọ tí o ti ra irú rẹ̀ rí, kí ni kí a ṣe?” N kò lè dá wọn lóhùn lójú ẹsẹ̀, nítorí kì í ṣe owó ẹnì kan ṣoṣo. Owó àwọn olùkọ́ ilé ìwé wà níbẹ̀, owó àwọn ìyá tí ń pàtẹ ní ọjà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi ní oṣù kan. Wọ́n gbà, wọ́n sì fi í lélẹ̀ pé kí n sọ ìdáhùn náà ní gbangba kí gbogbo wa lè jọ fi kọ́gbọ́n. Nítorí náà ni mo ṣe dìde lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga ní London, nítorí a ti ṣe ẹjọ́ kan níbẹ̀ ní ọdún 1990 tí ó la ojú ọ̀rọ̀ yìí ju ohunkóhun tí mo mọ̀ lọ.

Ní ọdún 1919 ni ọ̀gbẹ́ni W. O. Bentley dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní London. Lára àwọn ọkọ̀ tí ó ṣe ni èyí tí wọ́n ń pè ní Speed Six, tí ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ tó lítà mẹ́fà àti ààbọ̀. Ọ̀kan nínú wọn di olókìkí tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Old Number One. Eré ìje kan wà ní Le Mans ní ilẹ̀ Faransé, tí a ń sá láti ọ̀sán ọjọ́ kan di ọ̀sán ọjọ́ kejì láìdúró. Ní 1929, Woolf Barnato àti Tim Birkin wa ọkọ̀ yìí, wọ́n sì gba ipò kìn-ín-ní. Ní 1930, Barnato àti Glen Kidston tún wà á, wọ́n sì tún gbà á. Lẹ́yìn náà, wọ́n yọ ẹ̀ńjìnnì rẹ̀, wọ́n fi èyí tí ó tóbi jù ú lọ sí i. Ní 1932, ní pápá eré Brooklands, ọkọ̀ náà fò kúrò ní ojú ọ̀nà, ó sì pa Clive Dunfee tí ń wà á. Wọ́n kó o nílẹ̀, wọ́n tún un kàn, wọ́n fi ara mìíràn wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì, tí olúkúlùkù sì ń pààrọ̀ nǹkan lára rẹ̀, títí tí wọ́n fi tún un ṣe padà sí àwọ̀ tí ó ní nígbà eré Le Mans.

Nígbà tí ó yá, àwọn kan gbà láti rà á ní mílíọ̀nù mẹ́wàá pọ́n-ùn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó san owó tán, wọ́n yí ohùn padà, wọ́n ní èyí kì í ṣe ọkọ̀ tí ó sáré ní Le Mans, pé ohun tí ó kù lára rẹ̀ láti ìgbà náà kò tó nǹkan. Ọ̀ràn náà di ti ilé ẹjọ́. Adájọ́ Otton fi sùúrù gbọ́ ẹ̀rí tọ̀tún tòsì. Ó gbà pé lóòótọ́ ni, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó kù nínú irin àkọ́kọ́. Síbẹ̀, ó dá ẹni tí ń ta ọkọ̀ náà láre. Ìdí tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé ìtàn ọkọ̀ náà kò já níbì kan. Kò sí ọjọ́ kan tí ọkọ̀ náà kú tí a wá gbé orúkọ rẹ̀ fún òmíràn. Láti ọwọ́ dé ọwọ́, láti àtúnṣe dé àtúnṣe, òun náà ni.

Ẹ̀yin Ìjòyè, bí ìdájọ́ yìí bá ṣe àjèjì sí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kò yẹ kí ó ṣe àjèjì sí wa. Nígbà tí a ń fi koríko bẹẹrẹ bo ààfin Ọ̀yọ́, ọdọọdún ni àwọn ará ìlú ń gbé koríko tuntun wá, tí a sì ń pààrọ̀ ti àná. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kò sí ẹyọ koríko kan tí Aláàfin àkọ́kọ́ jókòó sábẹ́ rẹ̀ tí ó kù. Síbẹ̀, ta ni ó jẹ́ wí pé ààfin kọ́ nìyẹn? Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá lọ kó koríko tuntun jọ ní ìgbẹ́, tí ó kọ́ ilé ràgàjì kan tí ó sì pè é ní ààfin, gbogbo wa ni yóò fi í rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ni koríko méjèèjì. Ìtàn ni kò pa wọ́n pọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju èyí lọ: bí a bá fẹ́ ra ọkọ̀ àtijọ́ tí a ti tún ṣe, ìtàn ni a ń rà, kì í ṣe dídán. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní owó lè ra ọ̀dà. Àwọn baba wa sì ti wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yìí gan-an ni ohun tí a ń náwó lé lórí.

Èmi fúnra mi kò mọ èyí nígbà tí ó yẹ kí n mọ̀ ọ́n. Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá báyìí tí mo wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí mo sì yà sí ọ̀dọ̀ òǹtajà kan tí n kò ní í dárúkọ. Silver Cloud aláwọ̀ pupa kan dúró níbẹ̀, awọ ìjókòó rẹ̀ ń ta sánsán, igi inú rẹ̀ sì ń dán bí awo tí a fi omi ṣan. Ọjọ́ méjì péré ni ó kù kí n wọ ọkọ̀ òfuurufú bọ̀ wá ilé. N kò mú mẹkáníìkì lọ, n kò bèèrè ìwé, n kò wo abẹ́ rẹ̀. Mo san owó, mo sì rò pé mo ti di ènìyàn ńlá. Ní òjò ọdún kejì, ọ̀dà abẹ́ ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ara ẹni tí iná jó. Mẹkáníìkì wa kan fi ọ̀bẹ gbẹ́ ibẹ̀, ó sì fa ìwé ìròyìn kan jáde tí a ká pọ̀, tí a fi di ihò tí ìpáàrà ti jẹ, tí a sì fi ohun ìdíhò àti ọ̀dà bò ó mọ́lẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n tẹ ìwé ìròyìn náà ṣì hàn lórí rẹ̀ gbangba: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí mo sanwó ni. Nígbà tí mo wá kọ̀wé lọ bèèrè àkọsílẹ̀ rẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀ńjìnnì tí ó wà nínú ìwé kì í ṣe èyí tí ó wà lára ọkọ̀. Mo ta ẹ̀ńjìnnì náà. Ara ọkọ̀ wà lẹ́yìn ilé mi títí di òní, adìyẹ ń yé sínú rẹ̀. Èyí ni mo fi ń sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, mo ní ìbéèrè mẹ́ta tí ó yẹ kí a bi ọkọ̀ náà kí a tó tú okùn àpò.

Ìbéèrè kìn-ín-ní ni pé: Ta ni ọ́? Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí òǹtajà fi orúkọ ńlá dà yín láàmú. Lọ́dọ̀ àwọn Vintage Sports-Car Club, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1934, ọkọ̀ tí a ṣe láti 1919 dé òpin 1930 nìkan ni ó ń jẹ́ vintage. Silver Cloud kò jáde títí di 1955. Nítorí náà ọkọ̀ àtàtà ni, ọkọ̀ àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pè é ní vintage ń fi orúkọ ẹ̀gbọ́n pe àbúrò. Bí ẹni náà bá lè ṣe àṣìṣe nínú orúkọ, ẹ tún ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbé yẹ̀ wò.

Ẹ tún níláti mọ̀ pé ní ayé àtijọ́, ilé iṣẹ́ Rolls-Royce kì í ta ọkọ̀ odindi. Nígbà Silver Ghost, èyí tí ó sọ wọ́n di olókìkí ní 1907 nígbà tí ọ̀kan nínú wọn rin 14,371 máìlì nínú ìdánwò kan, ẹ̀ńjìnnì àti ṣáásì nìkan ni wọ́n ń tà. Ṣáásì ni egungun irin tí ó ru gbogbo ọkọ̀. Olùrà á wá gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ tí ń kan ara ọkọ̀, bí Barker tàbí Hooper, kí wọ́n kan ara tí ó wù ú sí i. Bí ó bá ṣe, ẹni tí ó rà á lẹ́yìn a sọ ara náà nù, a sì kan òmíràn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, wọ́n fi irin tí ìbọn kò lè dá lu bo àwọn mìíràn nínú wọn, wọ́n kó wọn lọ sójú ogun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni a ti bọ́ ara àwọn Bentley mìíràn tí ó ní òrùlé tẹ́lẹ̀, tí a sì kan ara ọkọ̀ eré ìje sí wọn nítorí pé owó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ lè jẹ́ ti 1914 ní egungun kí ó sì jẹ́ ti àná ní ara. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bí òǹtajà bá sọ ọ́. Bí ó bá pa á mọ́ ni ó di ẹ̀ṣẹ̀.

Ọ̀nà àtimọ̀ ni nọ́ńbà. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lára ṣáásì àti nọ́ńbà lára ẹ̀ńjìnnì. Àkọsílẹ̀ àwọn Rolls-Royce àtijọ́ wà ní ìpamọ́ lọ́dọ̀ Rolls-Royce Enthusiasts’ Club, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1957. Ẹ kọ̀wé sí wọn ṣáájú, kì í ṣe lẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí èmi ti ṣe. Kí ẹ sì mọ̀ pé ìwé tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ń kọ orúkọ ẹni tí ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé òun ni ó ni ín. A kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sára ìwé náà fúnra rẹ̀. Ẹ bèèrè rísíìtì tí òun náà fi rà á.

Ìbéèrè kejì ni pé: Ta ni ó tún ọ ṣe, kí ni ó sì ṣe? Ọ̀rọ̀ náà “a ti tún un ṣe tán” rọrùn lẹ́nu. Ẹlòmíràn tú gbogbo irin palẹ̀, ó fọ ìpáàrà kúrò títí dé egungun, ó tún ẹ̀ńjìnnì ṣe, ó pààrọ̀ wáyà, kí ó tó kan ọ̀dà rárá. Ẹlòmíràn kun ọ̀dà nìkan. Lójú fèrèsé, ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì. Olóòótọ́ oníṣẹ́ á ya àwòrán ọkọ̀ nígbà tí ó wà ní ìhòòhò, kí ó tó bò ó. Á sì tọ́jú gbogbo rísíìtì. Bí a bá bèèrè àwòrán wọ̀nyí tí òǹtajà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wòkè, kí a gbé fìlà wa.

Ẹ mú irin òòfà lọ́wọ́, kí ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé e, kí ẹ sì gbé e lé ara ọkọ̀. Níbi tí ohun ìdíhò bá nípọn sí, òòfà kò ní í mú. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra kí ẹ má baà fi ẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀: ilẹ̀kùn Silver Cloud, ìdérí ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ àti ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù, òòfà kì í sì í mú alumíníọ̀mù bí ó ti wù kí ó dára tó. Abẹ́ ilẹ̀kùn ni kí ẹ ti dán an wò, nítorí irin lásán ni ibẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìpáàrà fẹ́ràn jù. Ẹ dùbúlẹ̀ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Agbádá ṣe é fọ̀. Ẹ lọ ní ọjọ́ tí oòrùn mú, kì í ṣe ní ọjọ́ òjò, nítorí omi a máa mú kí ọ̀dà burúkú dán bí ọ̀dà rere. Ẹ fi ọwọ́ kan ẹ̀ńjìnnì kí wọ́n tó tan iná sí i. Bí ó bá ti gbóná, wọ́n ti jí i ṣáájú kí ẹ tó dé, kí ẹ má baà gbọ́ bí ó ti ń wúkọ́ ní òwúrọ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà: nọ́ńbà mẹ́rin wà níbẹ̀ tí ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí a ṣe é, tí ó fi jẹ́ pé 2318 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ní ọdún 2018. Táyà lè ní gbogbo eyín rẹ̀ kí ó sì ti gbó kọjá ìlò, nítorí ọkọ̀ àtijọ́ kì í rìn púpọ̀.

Ìbéèrè kẹta ni pé: Ta ni yóò máa tọ́jú rẹ? Ọkọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù méjì. Ilẹ̀ òtútù ni a ṣe é fún, kí ó máa sáré lọ ní ojú ọ̀nà tí ó tẹ́jú. Kí ni àwa fẹ́ fi í ṣe? A fẹ́ kí ó máa rìn ní ìrìn ìgbín láàárín èrò àti ìlù, ní ọ̀sán gangan. Afẹ́fẹ́ tí í máa tu rédíétọ̀ nínú nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré kò ní í sí níbẹ̀. Ẹ̀yin Ìjòyè, ẹ fi ojú inú wo ọjọ́ ọdún, kí ọkọ̀ máa rú èéfín níwájú ààfin, kí àwọn ọmọdé máa tì í! Nítorí náà, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí ìdúró níwájú yín, kí ẹ sì máa wo ibi tí ọwọ́ ìwọ̀n ooru dé. Bí owó tí a dá bá jẹ́ ọ̀nà mẹ́ta, ọ̀nà méjì ni kí a fi rà á. Kí ẹyọ kan wà ní báńkì fún ẹrù, fún owó kọ́sítọ́ọ̀mù, fún irin tí yóò ti òkè òkun wá. Ẹni tí ó ná gbogbo owó rẹ̀ lórí ẹṣin, kí ni yóò fi ra koríko?

Àwọn ọ̀dọ́ yóò bi mí pé, kí ni kò jẹ́ kí a ra ògbólógbòó kan ní owó pọ́ọ́kú kí a sì tún un ṣe fúnra wa? Èsì mi ni pé owó àtúnṣe gidi sábà máa ń ju iye tí ọkọ̀ náà yóò fà lọ́jà lọ. Ẹni tí ó kọ́kọ́ tún un ṣe ni ó gbé àdánù náà mì. Ẹni tí ó bá fi ọgbọ́n rà á lẹ́yìn rẹ̀ ni ó ń jẹ èrè làálàá rẹ̀. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ pé gígùn ni a fẹ́ gùn ún, èyí tí a ti tún ṣe dáradára ni kí a rà.

Ṣùgbọ́n mo yọ ọ̀nà kan sílẹ̀. Bí ọkọ̀ bàbá ẹni bá wà lẹ́yìn ilé, èyí tí ó gbé ìyá wa lọ sí ilé ìgbẹ̀bí, tí ó gbé bàbá wa lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀, kí a má ṣe ka owó ọjà sí i. Ìtàn tí a ń wá lọ sí London wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ti wa ni, kò sì sí òǹtajà tí ó lè fi èké kún un. Iṣẹ́ náà kò sì ju ọmọ wa lọ. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ọmọ ilẹ̀ wa W. A. Dawodu ti ní ilé iṣẹ́ ńlá ní Èkó, tí ó ti ń ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó sì ti ń tún wọn ṣe. Ọwọ́ ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.

Ní ti Bàbá wa tí wọ́n bi mí, ìdáhùn mi rè é. N kò ní kí wọ́n má ra ọkọ̀ náà. Ẹ̀yẹ yẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ilé yan ènìyàn méjì, ọ̀kan tí ó mọ irin, ọ̀kan tí ó mọ ìwé. Kí àwọn méjèèjì lọ, nítorí ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Kí a gba ọ̀mọ̀ràn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó jẹ́ pé àwa ni a san owó rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ń tà. Kí owó dúró ní báńkì títí ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fi rí ìdáhùn lórí ìwé. Bí òǹtajà bá wí pé ẹlòmíràn ń bọ̀ lọ́la tí yóò rà á, kí a kí i pé kí ó kú ọjà, kí a sì máa bọ̀ nílé. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àwọn ìyá ọlọ́jà tí wọ́n dá owó yìí kì yóò rí àkọsílẹ̀ kankan, wọn kì yóò sì wo nọ́ńbà ẹ̀ńjìnnì. Orúkọ wa ni wọ́n wò tí wọ́n fi mú owó jáde. Kí orúkọ náà má ṣe di ohun tí adìyẹ ń yé sí.